Ta ló kọ́ olùkọ́ kàrátè àdúgbò yín?

Ìyá kan ló dá mi dúró lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ẹ́ lọ kọ́ kàrátè lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé-ìwé àdúgbò wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní pa á lára?"

Kàrátè fúnra rẹ̀ kò burú, ó ń mú kí ara ọmọ le. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó oṣù, ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ pé: "Ọ̀gá, ta ló kọ́ yín? Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ọ?" Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Kí wọ́n tó gba èmi láyè láti dá gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ọdún mẹ́ta ni mo lò nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì tún ṣèdánwò.

Bẹ́líìtì dúdú tó so mọ́dìí kò tó ẹ̀rí, wọ́n ń tà á lọ́jà. Jigoro Kano, tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Funakoshi, tó gbé kàrátè wá sí Tokyo láti Okinawa lọ́dún 1922, ti mú un. Ìpele àkọ́kọ́ bẹ́líìtì dúdú kò sì ju pé ẹni náà ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ taekwondo ni (ẹ rántí bí àwọn ọmọ ṣe ń ju ẹsẹ̀ kiri nígbà tí Chika Chukwumerije gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Beijing lọ́dún 2008), ìwé-ẹ̀rí tí Kukkiwon ní Seoul ń fún àwọn bẹ́líìtì dúdú máa ń ní nọ́ńbà. Ẹ ní kó mú un jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n máa béèrè. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wá bá wa lálẹ́. Wọ́n ti ta á nípàá lórí níbi tó ti ń kọ́ ìjà. Nígbà tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, olùkọ́ da omi lé e lórí, ó ní kó máa bá a lọ, pé ọkùnrin kì í sunkún. Nígbà tó fi máa délé, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, oorun sì ń kùn ún. Ilé ìwòsàn ńlá la darí wọn sí. Ọmọ náà yè, àmọ́ ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè kàwé láìsí pé orí ń fọ́ ọ. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bi olùkọ́ náà pé ta ló kọ́ ọ, fíìmù Bruce Lee ló dárúkọ.

Ọmọ tó bá gbá lórí, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kó má padà sí ìdárayá lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Tó bá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tó ń sọ kántankàntan, tí gìrì mú un, tàbí tó ṣòroó jí lójú oorun, ilé ìwòsàn kíákíá ni. Ẹ má fi àbóníkì ra á, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ sì sọ fún olùkọ́ tí ọmọ bá ní ikọ́ fée tàbí tó jẹ́ SS. Ẹni tó jẹ́ SS gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Omi àti ìsinmi ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn níbẹ̀.

Mo lọ wo ọ̀gbẹ́ni àdúgbò wa fúnra mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo, ó dárúkọ ọ̀gá náà láìṣẹ́jú, ó sì fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Àwọn ọmọ ń na ara kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n máa ta ara wọn lórí. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó ní òun á rà á. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá lọ wò ó.