Adó-Àwáyè ju "ìkejì láyé" lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́fun mi. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti gbé fọ́tò adágún Ìyákè síta, ohun kan náà ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀: adágún méjì péré irú ẹ̀ ló wà láyé, ọ̀kan ní Colorado ní Amẹ́ríkà, èkejì lọ́dọ̀ wa.

Ta ló kà á?

Wọn ò tiẹ̀ jọra. Ti Colorado, ara ògiri àfonífojì ló so mọ́. Ẹfun tí omi ń gbé wá ló dì, tó di etí adágún. Tiwa, kòtò orí akọ òkúta ló wà, lókè téńté.

Ohun tó ń dùn mí ni pé "ìkejì láyé" yẹn ti bo ìtàn mọ́lẹ̀. Orí òkè ni Adó wà kó tó wá sísàlẹ̀! Láyé ogun, àpáta lọ̀pọ̀ èèyàn sá sí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo Olúmọ. Ẹ wo Ìdànrè, tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀ títí di nǹkan bíi 1923. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá gòkè, tí kò rómi mu, ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò? Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ìyákè.

Wọ́n ní ẹni tó bá wọ inú ẹ̀ kò ní jáde. Ẹ rẹ́rìn-ín o, àmọ́ èèwọ̀ yẹn ló ń ṣọ́ omi. Ní Colorado, ní 2019, wọ́n fòfin dé e pé èèyàn 615 péré ló lè gòkè lójúmọ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀. Èèwọ̀ náà kọ́ nìyẹn ni? Tiwa là ń pè ní ìgbàgbọ́ asán, ká tó wá ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sórí àpáta, ká sì fi ọ̀dà kọ orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin wa sí i. Jọ̀ọ́, Tọ́pẹ́ tàbí ẹni yòówù tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sọ́wọ́ ẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Adó tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ bá mi bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà yín léèrè: agbolé wo ló wà lókè? Ibo ni wọ́n ti ń pọnmi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, pẹ̀lú orúkọ agbolé. Mò ń kà á.