Iná Tí Kì Í Rú Èéfín: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ìtànṣán Olóró ní Nàìjíríà?

Iná tó ń jó pápá máa ń rú èéfín. Ẹni tó wà lókèèrè yóò rí i, yóò sì tètè wá ibi forí pamọ́ sí. Ìtànṣán olóró kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lóòórùn, ojú kò rí i, etí kò sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tó fara kó o lónìí lè máa jẹ, kó máa mu, kí awọ ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tàbí kí àrùn jẹjẹrẹ yọjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí pé ojú lásán kò lè ṣọ́ ọ ni òfin fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Bí òfin náà bá wá sùn lọ, ta ni yóò jí aráàlú?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti bọ́ǹbù nìkan. Ìtànṣán ni ẹ̀rọ X-ray àti ẹ̀rọ CT fi ń ya àwòrán inú ara. Òun ni ilé ìwòsàn fi ń gbógun ti jẹjẹrẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ń fi èròjà rẹ̀ yẹ inú kànga epo wò, wọ́n sì ń fi í wo ojú ibi tí àwọn wẹ́dà jó páìpù pọ̀. Ọkọ̀ ló sì ń gbé àwọn èròjà náà kiri lójú títì márosẹ̀ kan náà tí èrò ń gbà. Ohun tó wúlò ni, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n kó o dànù. Àmọ́ ohun tó lè wo aláìsàn sàn, tó tún lè pa ẹni tí ara rẹ̀ le, kò yẹ kí ìṣọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í pawó nìkan.

Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà láti ọdún 1960, ìbínú ìjọba Nàìjíríà pọ̀ débi pé ó gé àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Faransé ní oṣù kìíní ọdún 1961. Ní ọdún 1964, ìjọba dá ẹ̀ka tí yóò máa dáàbò bo aráàlú lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Síbẹ̀, ọdún 1995 ni òfin tó dá àjọ NNRA sílẹ̀ tó jáde, ó sì di ọdún 2001 kí àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òfin fi wà lórí ìwé láìlọ́wọ́, láìlẹ́sẹ̀.

Àjọ náà kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ tí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù fi ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, èròjà olóró tí ilé-iṣẹ́ kan ń lò fún yíyẹ kànga epo wò di àwátì lójú ọ̀nà láàárín Warri àti Port Harcourt. Ọdún 2003 ni wọ́n tó rí i, ní ilé ìyọ́rin kan ní orílẹ̀-èdè Jámánì, láàárín àlòkù irin. Ẹrù olóró kúrò ní Nàìjíríà, ó la òkun kọjá, kò sì sí ẹnubodè Nàìjíríà kan tó dá a dúró.

Ẹni tó bá rò pé àlòkù irin kò lè pani, kí ó bi ìlú Goiânia ní Brazil léèrè. Ilé ìtọ́jú kan kó kúrò níbi tó wà, ó sì fi ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí èròjà caesium-137 wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ láìfi tó aláṣẹ létí. Ní ọdún 1987, àwọn tó ń wá irin tú u, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò àlòkù irin. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù lálẹ́, ni wọ́n bá ń pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ bí ẹni pín ẹ̀bùn. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà lára wọn. Ènìyàn 249 ni èròjà náà ta bá, nǹkan bí 112,000 ni wọ́n sì ní láti yẹ̀ wò. Kì í ṣe ìwà ibi ló fa gbogbo èyí. Ẹnìkan kó kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé ẹ̀rọ rẹ̀ dà.

Ǹjẹ́ Ìkòròdú àti Ògíjo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tọ̀sán-tòru, yàtọ̀ sí Goiânia? Ǹjẹ́ ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tó ń ra irin àtijọ́, yóò dá àmì ewu náà mọ̀ bó bá rí i? Ní ọdún 2007, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì gbé àmì pupa tuntun jáde, tó ní agbárí òkú àti ẹni tó ń sá lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìtumọ̀ àmì àtijọ́ náà. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àgbáyé bá lè gbà pé àmì lásán kò tó, kí ló dé tí ìkìlọ̀ nípa ìtànṣán ní Nàìjíríà fi jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó sún mọ́ ewu náà jù lọ kò lè kà?

Àwọn kan yóò sọ pé bí òfin bá le jù, àwọn ilé àyẹ̀wò kéékèèké yóò ti ilẹ̀kùn, aláìsàn yóò sì máa rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ìṣọ́ kì í ṣe ìtìpa. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi òjé bò, báàjì tó ń ka iye ìtànṣán tó ń wọ ara òṣìṣẹ́, àti bíbi obìnrin léèrè bóyá ó lóyún kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀, kò sí èyí tó lè sọ ilé ìwòsàn di ahoro nínú wọn. Òṣìṣẹ́ tí kò ní báàjì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń ná owó tí kò ka iye rẹ̀; ọjọ́ tí àpò bá gbẹ ni yóò tó mọ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní òfin ti wà, àjọ sì ti wà, kí ló tún kù? Àwọn Yorùbá ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, èròjà caesium-137 tí kò tó ìdajì ìka ọwọ́ jábọ́ lára ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, lórí ọ̀nà tó gùn tó 1,400 kìlómítà. Wọ́n wá a rí, àmọ́ àṣírí kan tú: ìtanràn tó pọ̀ jù lọ lábẹ́ òfin ìgbà náà jẹ́ 1,000 dọ́là Ọsirélíà, àti 50 dọ́là lójoojúmọ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ń bá a lọ. Bí orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ní ẹ̀rọ, bá lè ní òfin tí kò léyín, Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ fi wíwà òfin yangàn.

Ohun tó yẹ kò ṣòro. Kí orúkọ gbogbo ilé tó ní ìwé àṣẹ láti lo ìtànṣán wà níbi tí aráàlú ti lè rí i. Kí wọ́n lẹ ìwé àṣẹ náà mọ́ ògiri ibi tí aláìsàn ń jókòó sí, kí ìkìlọ̀ sì wà níbẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti èdè gbogbo tó bá ládùúgbò. Kí ilé-iṣẹ́ kankan má lè palẹ̀ mọ́ tàbí kó lọ síbòmíràn láìjẹ́ pé ó jíhìn èròjà olóró ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó ń fura sí ìtànṣán wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ìyọ́rin àti ní gbogbo èbúté. Kí àbájáde ìbẹ̀wò jáde ní gbangba, kí ìtanràn sì wúwo ju owó tí arúfin rò pé òun fi pamọ́ lọ. Kí ìjọba tó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ olùbẹ̀wò fún un ní ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí yóò fi ṣe é.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìtànṣán kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, kì í sì í tọrọ gáfárà lẹ́yìn tó bá ṣọṣẹ́ tán. Ìgbà tí kò tíì sí òkú nílẹ̀ ni àkókò ìṣọ́; bí òkú bá ti sùn, ohun tó kù fún ìjọba kò ju ìbánikẹ́dùn lọ.