Ẹ Má Gbé Ìrẹsì Tí Oògùn Koríko Kò Ràn Wọ Àkùrọ̀ Wa

Ìrẹsì tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà nítorí pé oògùn apakoríko kò ràn án kò gbọdọ̀ wọ oko àgbẹ̀ wa. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ní wọn kò mú àbùdá ohun mìíràn wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á rẹ irúgbìn sínú kẹ́míkà tó ń da àbùdá rú, wọ́n á gbìn ín, wọ́n á kórè rẹ̀, wọ́n á tún gbin ọmọ rẹ̀ lọ súà. Bó bá ti yọ ewé díẹ̀, wọ́n á fín oògùn sí gbogbo rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí oko á fi pọ́n, tí ewé á rọ wọlẹ̀; èyí tó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ láàárín òkú ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni Tim Croughan ṣe rí ẹyọ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1993. Ìrẹsì tí iṣẹ́ náà bí, Clearfield, dé ọjà ní 2002. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, n kò ní bu iyì rẹ̀ kù.

Koríko kan tí wọ́n ń pè ní ìrẹsì pupa ni wọ́n torí ẹ̀ wá a. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: ìrẹsì ni koríko yìí fúnra rẹ̀. Kó tó yọ orí, ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a gbìn. Kí ìkórè tó dé, ó ti gbọn hóró rẹ̀ dà sílẹ̀, hóró náà á sì sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Oògùn Clearfield ń pa á, ó ń dá ìrẹsì àgbẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan ń bọ́ sára èkejì, èyí tó bá sì gba agbára náà ni oògùn ń dá sí kó máa bí sí i. Láàárín ọdún díẹ̀, ìrẹsì pupa tí oògùn kò ràn mọ́ ti wà ní Arkansas, ní Amẹ́ríkà. Ó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Brazil, ó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì.

Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn pé kí wọ́n má tọ́jú irúgbìn, kí wọ́n má gbìn ín tẹ̀léra. Àgbẹ̀ Igbemọ tàbí Ọ̀fàdà tó ń tọ́jú irúgbìn láti inú ìkórè èṣí ńkọ́? Ta ló máa ṣọ́ ọ? Ìrẹsì igbó sì pọ̀ ní àkùrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí ibí ni ilé rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí nípa àgbàdo Kẹ́ńyà tí oògùn kò ràn bákan náà, tí wọ́n fi oògùn bo irúgbìn rẹ̀ láti pa koríko striga. Ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ara gbòǹgbò àgbàdo ni striga ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kì í ṣe ẹbí rárá, oògùn díẹ̀ tó wà lára hóró ló sì ń ṣiṣẹ́. Kí a tó fín oògùn sórí irúgbìn kankan láti ṣà á, ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹbí rẹ̀ ni koríko tí a fẹ́ pa. Bó bá jẹ́ ẹbí rẹ̀, ká fi í sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ríro oko ìrẹsì ń pa ẹ̀yìn àwọn ìyá wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n ná owó lórí irúgbìn tí koríko máa borí láìpẹ́. Ìrẹsì Áfíríkà àtijọ́ ń tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ láti kékeré, ó ń ṣíji bo koríko mọ́lẹ̀ kó tó dìde. Ẹ̀yin onímọ̀ ìrẹsì ní Badeggi àti ní àjọ AfricaRice, àbùdá yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ fi í bí irúgbìn tó máa so dáadáa fún wa.