Ẹ̀bi Ta Ni?

Ní ọdún 1884, aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Moses Fleetwood Walker wà nínú ẹgbẹ́ Toledo, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ń fi eré bésíbọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Ohio ni a ti bí i ní ọdún 1856, ó sì kàwé ní Oberlin àti ní Yunifásítì Michigan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró lẹ́yìn ẹni tí ó mú igi, kí ó sì máa hán bọ́ọ̀lù líle tí wọ́n bá jù.

Eré 42 péré ni ó ṣe ní ipò gíga yìí. Àwọn kan lè tìtorí èyí wí pé kò mọ iṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Tony Mullane, tí ń ju bọ́ọ̀lù fún Toledo, jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn pé kò sí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù í hán bí Walker, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ rẹ̀, òun kò náání àmì tí ó ń fún òun. Ta ni ó pàdánù? Gbogbo ẹgbẹ́ ni.

Àwọn mìíràn a máa wí pé kò sí ohun tí àwọn aṣáájú lè ṣe sí i. Irọ́ ni. Ní ọdún 1883, Cap Anson kó ẹgbẹ́ Chicago wá sí Toledo, ó sì kọ̀ láti bá aláwọ̀ dúdú ṣeré. Charlie Morton, adarí Toledo, fi Walker sínú eré, ó sì sọ fún Anson pé bí kò bá ṣeré, yóò pàdánù ìpín rẹ̀ nínú owó ìwọlé. Anson kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó sì ṣeré.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1887, nígbà tí Walker wà ní Newark, àwọn aṣáájú Líìgì International dìbò pé àwọn kò ní gba aláwọ̀ dúdú tuntun mọ́. Walker ṣeré ní Syracuse títí di ọdún 1889, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn tì. Ó kú ní ọdún 1924. Ọdún 1947 ni Jackie Robinson tó wọ ẹgbẹ́ ńlá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbi tí olórí kan ti dúró ṣinṣin, ẹ̀tanú tẹrí ba. Níbi tí àwọn olórí ti bẹ̀rù, ó di òfin. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Walker.