Ìfọ̀ránṣẹ́ Àìdúrógbèsì: Láti Èbúté Ìlàjẹ dé Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn kan gbà pé kò sí ohun tí èdè Yorùbá lè ṣe níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà onífọ́nrán-púpọ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní asynchronous kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti dúró ní èbúté Ìgbọ́kọ̀dá rí. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ fún ará Ayétòrò a fi rán ọlọ́kọ̀ tí ń lọ, a sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Bí èsì bá dé, ẹnu iṣẹ́ ni yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò rí: ẹni tí ó so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń wí pé ọkàn òun fà sí ẹnì kejì, bí mẹ́jọ bá padà wá, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Ọjọ́ lè gorí ọjọ́ láàárín ẹ̀fà àti ẹ̀jọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó torí rẹ̀ pa oko tì.

Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìfọ̀ránṣẹ́ àìdúrógbèsì gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí. Bí a bá pè é ní àìṣe-nígbà-kan-náà, ìgbà ni a sọ, a kò sọ ìwà. Nínú Windows, SendMessage a máa dúró títí olùgbà yóò fi jẹ́ iṣẹ́ náà tán. PostMessage a kàn fi í sínú ìlà olùgbà, a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti kọ̀ǹpáílà àtijọ́. Ìlànà èdè C++ ti 1998 kò sọ ohunkóhun nípa fọ́nrán. Ti 2011 ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ó tó dìgbà náà, ìta èdè ni a ti ń yá a, bí i POSIX threads ti 1995. Kọ̀ǹpáílà kò mọ̀ pé ẹni méjì ń wo àpótí kan. Ó lè da iye inú àpótí kọ sí àpò ara rẹ̀, kí ó máa wo àpò náà títí, nígbà tí fọ́nrán kejì ti yí ti inú àpótí padà. Hans Boehm ṣàlàyé ewu yìí ní 2005. Ohun tí ó sàn ni kí fọ́nrán méjì má jọ ní àpótí, kí wọ́n máa ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ ìlà tí ó ní àgádágodo.

Ewu mìíràn wà tí àpẹẹrẹ rẹ̀ dun ni. Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì ohun kan ni a kọ ránṣẹ́, tí a kò sì dúró, ohun náà lè ti pòórá kí olùgbà tó débẹ̀. Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní 1947 ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun. Ẹni tí ó bá di àdírẹ́sì àtijọ́ mú, omi ni yóò bá. Ọmọ Ìlàjẹ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrù gan-an ni kí a dì sínú ọkọ̀.

Wọn yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn àṣẹ inú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Èrò ibẹ̀ ni ó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà Ilé-Ifẹ̀ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, àti ti Awóbùlúyì ní 1990, dá lórí ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sì ti fagi lé ìlànà èdè abínibí ti 2022 ní 2025, nítorí náà a kò gbọdọ̀ máa retí Àbújá.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀: kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà jókòó pọ̀ ní sáà yìí, kí wọ́n fẹnu kò lórí fọ́nrán, ìlà, àgádágodo àti ìfọ̀ránṣẹ́ àìdúrógbèsì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní etí òkun Ìlàjẹ lè mú wọn dání.