Orúkọ Oúnjẹ Lẹ́nu Òyìnbó

Ọmọ tí ó ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba lè gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí orúkọ oúnjẹ sì tún ṣì í lọ́nà.

Àwọn kan ń sá fún hamburger nítorí pé ham, itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, hàn nínú orúkọ rẹ̀. Láti ara Hamburg, ìlú kan ní Jámánì, ni orúkọ náà ti wá. Ẹran màlúù lílọ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe pa màlúù ọ̀hún ni kí ọmọ bèèrè.

Ti pudding ló le jù. Ìpápánu dídùn tí à ń jẹ kẹ́yìn oúnjẹ ni ọmọ mọ̀ ọ́n sí, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n black pudding kò ládùn ṣúgà kankan: ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń pò mọ́ ọ̀rá àti ọkà, tí wọ́n ń dín in jẹ pẹ̀lú ẹyin ní òwúrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí Àlùkùráánì ṣe léèwọ̀ nínú Súúrà Al-Máídà, áyà 3. (Súúrà tí a fi tábìlì oúnjẹ sọ lórúkọ!)

Mincemeat ńkọ́? Lóde òní, èso gbígbẹ aládùn ni, orúkọ nìkan ni ẹran kù sí. Ẹni tí ó bá bèèrè ẹran nìkan yóò gbàgbé ọtí brandy tí wọ́n sábà ń bù sí i. Èyí tí a dì sínú ìgò, ohun tí wọ́n fi ṣe é wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ọmọ kà á tán kí ó tó sanwó.