Owó Ìjọba Kò Gbọdọ̀ Di Owó Ọ̀gá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ní Alajue àti ní gbogbo Ẹdẹ, bí ìjọba bá ní òun fẹ́ bá agbanisíṣẹ́ san lára owó-oṣù, ṣé kí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí jó ni, àbí kó kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀? Èsì tiwa ni pé kó bèèrè.

A kò lòdì sí owó náà. Owó-orí wa ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n owó tí kò bá ní àdéhùn nínú, àpò ọ̀gá ló ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká rántí 2020. Àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù March, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sì jókòó sílé láìsí owó. Ní oṣù September ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣí ìforúkọsílẹ̀ fún Survival Fund, owó tó tó bílíọ̀nù 75 náírà. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti owó-oṣù: N30,000 sí N50,000 fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́ta. Àkáǹtì òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí owó náà wọ̀. Ìyẹn dára, a kí wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ ránṣẹ́. Bó bá fi orúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ dípò tìrẹ, ta ni yóò mú un? Iléeṣẹ́ tí kò bá sì ní ìwé CAC kò lè wọlé. Ilé búrẹ́dì, ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà ládùúgbò wa, mélòó ló ní in? Lóòótọ́, wọ́n ya N30,000 sọ́tọ̀ fún oníṣẹ́-ọwọ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe owó-oṣù.

Ti àwọn tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ tuntun ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kó ọ̀dọ́ 20,000 sínú O-YES, N10,000 lóṣù, nígbà tí òfin 2011 sọ pé N18,000 ni owó-oṣù tó kéré jù. N-Power dé ní 2016, N30,000 lóṣù, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 2020, wọ́n ní kí 500,000 nínú wọn máa lọ sílé. A kò bá ọ̀dọ́ jà, ọmọ wa ni wọ́n. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe, wọn kò gba ìwé olùkọ́, wọn kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọ̀gá bá sì rí ẹni tí ìjọba ń bá a san owó rẹ̀, kí ni yóò tún fi èmi àti ìwọ ṣe?

Ẹ wo Jámánì. Bí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀, wọn a dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé òṣìṣẹ́. Àpò ìjọba a san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òṣìṣẹ́ pàdánù, ìdá 67 fún ẹni tó lọ́mọ. Níbi tí ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ bá wà, ọ̀gá kò lè dá a ṣe láìgba ohùn wọn.

Nítorí náà, bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ohun tí a ó bèèrè nìyí:

1. Kí owó wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́, kí a sì lẹ orúkọ gbogbo wọn mọ́ ògiri iléeṣẹ́.
2. Kí ọ̀gá tó bá gbà á má lé ẹnikẹ́ni títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí owó bá parí.
3. Kí ẹni tuntun má gba ipò ẹni àtijọ́, kí owó rẹ̀ má sì kéré sí N70,000 tí òfin 2024 sọ. N30,000 ti 2020 kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́.
4. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà.

Àwọn kan yóò ní àdéhùn yìí ti le jù, pé ọ̀gá kò ní gbà. Ọ̀gá tó lè fi orúkọ rẹ gba owó, tí kò lè ṣèlérí pé òun kò ní lé ọ, kí ló ń gba owó náà fún?

Ẹni tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ nínú wa, kó bèèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìrànlọ́wọ́ bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ẹ̀ka. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.